Bí Mo Ṣe Fi Ìdákẹ́rọ́rọ́ Bo Ohùn Bàbá Agégẹdú Mọ́lẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kìíní fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ewé díẹ̀ ni wọ́n fún mi, n kò sì ní fi ọ̀kankan ṣòfò nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń so wáyà mọ́ máìkì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti ń gbé inú mi láti ọdún mẹ́tàlélógún, èmi náà ni mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé e síta. Dókítà sọ fún mi ní oṣù tó kọjá pé ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn mi kò pa dé dáadáa mọ́, pé wọn yóò la àyà mi, àti pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n dàgbà tó mi, méjì kì í jí. Ikú kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí n wà lára àwọn méjì yẹn, kí irọ́ mi sì ṣẹ́ kù sáyé kí ó máa ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún. Òtítọ́ ì bá ti bá a tipẹ́, bí kì í bá ṣe pé èmi ni mo ń dènà fún un.

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà náà, akọ̀wé ni mí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní oṣooṣù ni àpò ìwé kan máa ń dé láti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn àpò ìwé náà ni mo sì fi ń kọ ìdánrawò mi kí n má baà ra ìwé mìíràn. N kò ní kọ̀ǹpútà. N kò tíì fojú kan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rí. Mo ya ojú ẹ̀rọ náà sórí páálí bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé, mo kọ orúkọ sí abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ìka tẹ páálí náà láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi máa ń bi mí léèrè bóyá páálí náà ti kọrin. Mo gba máàkì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ìṣìnà mi ti bẹ̀rẹ̀: mo mọ ọ̀rọ̀ inú ìwé, mo sì pe ìyẹn ní ìmọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n ní kí a wá fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Yàrá kan ni, lókè ilé alájà méjì, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Wọ́n ti kan kápẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó mọ́ ara ògiri, wọ́n sì fi mátíráàsì dí fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kí ariwo òòlù ìsàlẹ̀ má baà wọlé. Kọ̀ǹpútà kan ló wà nínú rẹ̀, àti máìkì méjì. Àwa mẹ́fà la jọ ń lò ó. Olùkọ́ wa rí i pé mo máa ń dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Mo lẹ òfin mọ́ ilẹ̀kùn: ẹ má jẹun níbí, ẹ má fi iná sílẹ̀ ní títàn, ẹ má gbé dísìkì ilé wọlé, ẹ pa ohun tí ẹ kò bá lò rẹ́ kí àyè má baà ṣòfò. Onígbàjámọ̀ kan wà láàárín wa tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ka òfin náà tán, ó ní, “Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, mímí ńkọ́? Àbí mímí náà ń gba àyè lórí dísìkì?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ní ti òótọ́, mo rò ó pé bí ẹnì kan bá ń mí kíkankíkan níwájú máìkì, ó ń gba àyè.

Ẹni tí mo ṣẹ̀ ni obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Ó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ, okùn ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, bí a tilẹ̀ wà ní kíláàsì. Máàkì rẹ̀ kò ga bíi tèmi. Ó máa ń béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò sì ní béèrè rẹ̀ mọ́. Ó sọ ìdí tó fi wá fún wa ní ọjọ́ kìíní. Agégẹdú ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń fi ayùn elénìyàn-méjì la igi: ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń mú kí ọwọ́ àwọn méjèèjì bára mu. Bàbá náà ló ń dá orin rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń fa ayùn ti kú. Àwọn ọmọ mọ ègbè orin, ṣùgbọ́n bàbá nìkan ló mọ lílé rẹ̀. Nǹkan kan wá hù sí bàbá lọ́fun. Àwọn dókítà ní àwọn yóò yọ àpótí ohùn rẹ̀, wọ́n sì ti dá ọjọ́. Bàbá ní òun kò lè jókòó kọrin fún àlejò nínú yàrá àlejò, àfi bó bá jẹ́ ọmọ òun ló máa tẹ bọ́tìnì. Ohun tó mú obìnrin yìí wá sí ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn. Èmi ń wá ìwé ẹ̀rí, òun ń wá ohùn bàbá rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kìíní ló mú bàbá wá. Ọkùnrin gígùn ni, èjìká rẹ̀ ọ̀tún ga ju ti òsì lọ nítorí ayùn. Mo wà níbẹ̀ nítorí pé èmi ni mo di kọ́kọ́rọ́ mú, mo sì rí gbogbo ohun tí Ìyá Aránṣọ ṣe. Ó fi okùn ọrùn rẹ̀ wọn àyè láti ẹnu bàbá dé ojú máìkì. Ó ní kí bàbá kọ́kọ́ kọ ibi tí orin ti ga jù lọ, ó sì wo iná tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn, ó dín in kù títí kò fi kan pupa mọ́, nítorí ohùn tó bá ti kan pupa ti ya, a kò sì lè rán an. Àga bàbá ń dún nítorí pé bàbá kò lè kọrin kí ó má fa ọwọ́ bí ẹni ń fa ayùn. Ó pààrọ̀ àga náà. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà ṣáájú orin kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí orin kan bá parí, ó fún un ní orúkọ lójú ẹsẹ̀, ó fi ọjọ́ sí i, ó tọ́jú rẹ̀ sínú fódà tirẹ̀. Orin mọ́kànlá ni. Ikọ́ máa ń dá bàbá dúró, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, bàbá béèrè pé, “Ṣé ó wọlé?” Ọmọ rẹ̀ ní, “Ó wọlé, Bàbá. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé.” Mo jẹ́wọ́ pé n kò gbọ́ ẹwà kankan nínú orin náà ní ọjọ́ yẹn. Iye àyè tó kù lórí dísìkì ni mo ń wò.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ìyá Aránṣọ fi dísìkì kékeré kan hàn mí, ó ní, “Àbúrò mi, jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà àwọn orin náà sí èyí kí n gbé e lọ sílé. Ẹran tí a fi sínú ìkòkò kan ṣoṣo, bí ìkòkò bá fọ́ ńkọ́?” Mo fi ìka tọ́ òfin tó wà lára ilẹ̀kùn. Mo ní dísìkì ilé lè kó àrùn bá ẹ̀rọ wa. Ó ní kí n jẹ́ kí Olùkọ́ dá sí i. Mo ní Olùkọ́ ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó wò mí, ó dá dísìkì náà padà sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ. N kò bi Olùkọ́ rárá. Òfin tí mo fi dá a dúró, èmi ni mo ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n yọ àpótí ohùn bàbá. Ìyá Aránṣọ kò wá fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn orin náà pọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: ó ń gé ikọ́ kúrò, ó ń mú ibi tó dára jù nínú ẹ̀ẹ̀kan, ó ń so ó mọ́ ibi tó dára jù nínú ẹ̀ẹ̀kejì. Ọjọ́ kan ló sọ fún onígbàjámọ̀ pé iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ òun. Ó ní fáìlì tí a ń tò yìí, bébà tí a fi ń gé aṣọ ló jọ. Ó ń sọ pé gé ibí, rán ibí. Ṣùgbọ́n aṣọ gan-an, ìyẹn ohùn tí a gbà sílẹ̀, wà níbòmíràn. Ó ní, “Bí o bá sun aṣọ, kí ni o fẹ́ fi bébà ṣe?” Mo dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Mo ní ó wà nínú ẹ̀kọ́ kọkànlá, ìpínrọ̀ kẹta. Mo mọ ìpínrọ̀ náà lórí. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, dísìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, iṣẹ́ àṣekágbá tèmi sì fẹ́ àyè. Ìlà mẹ́jọ ni mo fẹ́ lò, ohùn kan lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn yóò máa dún pọ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, mo ṣí fódà kọ̀ọ̀kan wò. Nínú ti Ìyá Aránṣọ, mo rí fáìlì ńláńlá bí ogójì, orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni fáìlì kékeré kan wà tó pè ní Àṣekágbá. Mo wí fún ara mi pé obìnrin yìí ti parí iṣẹ́ rẹ̀, pé èyí kékeré ni iṣẹ́ náà, pé ogójì yòókù jẹ́ àjákù aṣọ tí kò gbá dànù. Inú bí mi sí ìwà ọ̀bùn. Ó ti lẹ bébà kékeré kan mọ́ igun kọ̀ǹpútà pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan fódà mi, mo ń bọ̀ lọ́la.” Mo já bébà náà sọnù, nítorí pé òfin kò gba kí a lẹ nǹkan mọ́ ojú ẹ̀rọ. Mo pa fáìlì ogójì náà rẹ́. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Mo da agbọ̀n ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ nù pẹ̀lú, bí mo ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà mo gbálẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé, mo sì sùn dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ ṣí Àṣekágbá rẹ̀. Gbogbo ìlà rẹ̀ jáde lófìfo, ẹ̀rọ sì ń béèrè pé níbo ni ohùn wà. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ó kọrin. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn bọ́ okùn ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó fi í sórí tábìlì, ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ohùn bàbá òun bí? Ibẹ̀ ni ìpínrọ̀ kẹta ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Onígbàjámọ̀ ní, “Ta ló kẹ́yìn síbí lánàá?” Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Bí mo bá ti sọ ọ́ nígbà náà, àṣìṣe lásán ni ì bá jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́ púpọ̀. Olùkọ́ wọlé, ó wo ẹ̀rọ, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, “Ó jọ pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, sà.” Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ní ohùn tó rọlẹ̀, bí ẹni ń ka ìwé ìkẹ́rù.

Ìyá Aránṣọ ní òun tọ́jú rẹ̀. Olùkọ́ ní bóyá ó rò pé òun tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Olùkọ́ kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan di ẹ̀kọ́. Ó yíjú sí àwa yòókù, ó ní kí a wo ohun tí àìtọ́jú ń fà. Mo rí i bí obìnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Àbí mo gbàgbé ni?” Mo gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìrètí kan wà. Olùkọ́ ní ohun tí a ti gbà sílẹ̀ rí, bí a kò tilẹ̀ tọ́jú rẹ̀ tàbí tí a pa á rẹ́, kì í kúrò lórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kàn gbàgbé ibi tó fi í sí ni, bí ilé tí wọ́n yọ nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Àfi bí a bá gba nǹkan mìíràn lé e lórí ló tó parun. Ó ní òun mọ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan tó lè wá a jáde, ọjọ́ Ajé ló sì máa wá. Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ó ní kí n ti yàrá náà. Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀ níwájú Olùkọ́ láti dúpẹ́, bí obìnrin náà tilẹ̀ dàgbà ju Olùkọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Àbúrò mi, bá mi ṣọ́ ọ. Ìwọ lo di kọ́kọ́rọ́ mú.”

Mo fi gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣírò. Bí ọkùnrin náà bá wá ohùn jáde, yóò rí wákàtí tí wọ́n pa á rẹ́ pẹ̀lú, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà ní wákàtí yẹn àfi èmi. Kì í ṣe pé mo pa á rẹ́ nìkan ni wọn yóò mọ̀. Wọn yóò mọ̀ pé mo purọ́. Wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé ẹ̀rí mi yóò lọ, ọdún kan gbáko tí mo fi tẹ páálí yóò ṣòfò. Ẹ̀rù òfò ló mú mi. Mo ti kórìíra òfò débi pé mo yàn láti fi ohùn ẹlòmíràn ṣòfò kí iṣẹ́ tèmi má baà ṣòfò.

Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Òòlù ìsàlẹ̀ kò dún, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo tan ẹ̀rọ. Mo ṣí iṣẹ́ tuntun kan, mo la ìlà mẹ́jọ, mo so máìkì méjèèjì mọ́ gbogbo wọn, mo sì tẹ bọ́tìnì pupa. N kò kọrin. N kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba yàrá òfìfo sílẹ̀ ní ìlà mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó máa kọ ìdákẹ́rọ́rọ́ lé ohun gbogbo tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí, títí dísìkì yóò fi kún. Mo ń wo iye àyè tó ń dínkù lójú ẹ̀rọ. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èṣù ló tì mí. Ìwé ló kọ́ mi, mo sì ṣe é bí ìwé ṣe wí.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó kún, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá Aránṣọ ni, àti bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn ń kọjá lọ ni, bàbá ní kí àwọn yà wò bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ funfun wé bàbá lọ́rùn, mo sì gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ihò abẹ́ aṣọ náà wọlé tó ń jáde. Ìyá Aránṣọ rí iná pupa. Ó ní, “Kí lò ń gbà sílẹ̀? Ṣebí Olùkọ́ ní kí a má fọwọ́ kàn án?” Mo ní Olùkọ́ ló rán mi, pé mo ń yẹ ẹ̀rọ wò kí ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́la. Ó mí kanlẹ̀. Bàbá mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò, ó kọ nǹkan sí i, ó nà án sí mi. Ohun tó kọ ni pé: “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kò tilẹ̀ sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí wa.” Mo kà á. Mo ní kò tó ọpẹ́, Bàbá. Àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń jẹ ohùn rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo padà wọlé, mo jókòó, mo jẹ́ kí ó kún.

Ní ọjọ́ Ajé, atúnkọ̀ǹpútàṣe fi wákàtí mẹ́ta wá a. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti gba nǹkan lé e lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Aránṣọ sọ pé òun rí mi ní ọjọ́ Ìsinmi. Mo ṣí ìwé mi sí ẹ̀kọ́ kẹsàn-án níbi tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ gbogbo ìlà wò ṣáájú ìdánwò. Mo ní mo ṣi ọ̀rọ̀ Olùkọ́ gbọ́ ni, pé mo rò pé ó fẹ́ kí n yẹ ẹ̀rọ wò àti pé wọ́n ti gbé ohùn náà kúrò. Olùkọ́ bínú sí mi fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó ní ìtara iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àti pé lọ́nàkọnà, orísun wàhálà náà ni pé obìnrin náà kò tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kò ní ohun tó máa fi ṣe ìdánwò. Kò padà wá. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní.

Wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ ní yàrá náà lọ́dún kejì. Ẹ̀yin tí mo ti kọ́, ẹ ó rántí ìtàn tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, pé obìnrin kan wà tó sọ ohùn bàbá rẹ̀ nù nítorí pé kò tọ́jú fáìlì rẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi sọ ọ́. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sunkún rí.

Lẹ́yìn tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀, mo wá ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń ránṣọ, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Kò tètè dá mi mọ̀. Ó ní kí n jókòó, ó bi mí bóyá ṣòkòtò ni mo fẹ́ dín, nítorí ó rí i pé mo ti rù. Mo ní èmi ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ?” Mo sọ ohun gbogbo fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, bébà tí mo já, ọjọ́ Ìsinmi, ìlà mẹ́jọ. Mo lọ pẹ̀lú ìrònú pé yóò ṣépè, tàbí pé yóò sunkún. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó ní:

“Nígbà náà, mo tọ́jú rẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ tọ́jú rẹ̀, mà.”

“Mi ò gbàgbé?”

“Ẹ ò gbàgbé. Kò sí ohun tí ẹ kò ṣe bó ṣe yẹ.”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá sọ fún mi pé bàbá gbé ọdún mẹ́sàn-án láìlóhùn kí ó tó kú, pé bàbá kò fi ọ̀rọ̀ náà kàn án lẹ́ẹ̀kan rí, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ fi kàn án. Ní ọjọ́ ìsìnkú, nígbà tí àwọn ọmọ gba ègbè tí kò sí ẹni tó lè lé e, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí lójú gbogbo ẹbí pé, ẹni tó sọ ohùn bàbá nù ló dúró tí kò lójútì yìí. Láti ìgbà náà, wọn kì í pè é sí ìpàdé ẹbí. Ó ní ohun tó burú jù kọ́ nìyẹn. Ohun tó burú jù ni pé òun gbà á gbọ́. Ó ní òun a máa rán aṣọ lọ, òun a dédé dáwọ́ dúró, òun a máa tún gbogbo ohun tí òun ṣe lọ́jọ́ náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀, pé níbo ni òun ti gbàgbé.

Mo wólẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ kún fún abẹ́rẹ́. Ó ní, “Ìdáríjì ò sí lọ́wọ́ mi lónìí. Bóyá ó máa wá, bóyá ò ní í wá. Ṣùgbọ́n o ti fi ẹnu sọ ọ́ fún èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Fún ogún ọdún, gbangba lo ti ń pè mí ní aláìtọ́jú. Lọ kọ ọ́ síbi tí gbogbo wọn á ti kà á.” Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ mú láàárín yín, ẹ má gbà á gbọ́ nítorí pé ó mọ ìwé. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ó ṣì kéré. Ẹ̀yin tí mo ti fi ìtàn irọ́ yẹn kọ́, ẹ bá mi wá ẹni tí ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ fún, kí ẹ sì tún un sọ fún un bó ṣe rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Agégẹdú, n kò mọ orúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín wọn àyè máìkì, ó dín ohùn kù kí ó má ya, ó pààrọ̀ àga, ó fún orin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ọjọ́, ó tọ́jú mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọn. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kí òun ṣe ẹ̀dà rẹ̀ gbé lọ sílé, èmi ni mo kọ̀ fún un. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ lọ pè é wá sí ìpàdé.